Ìgànná Lójú Ìwé Kìn-ín-ní

Àtúnṣe ìwé àwọn ẹlòmíràn ni iṣẹ́ Alámì. Ilé ìtẹ̀wé ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan jáde láìní àmì ohùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ewì tirẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé kíkà àwọn ọmọdé tí wọ́n ń tẹ̀. Àfi bí ọ̀gá ṣe gbé ojú ìwé kìn-ín-ní fún Ọmọ Tuntun, ẹni tí àga rẹ̀ kò tíì gbóná.

“Ìgànná ga, ìgànná gùn,
Ó ká bàbá mọ́, ó ká ọmọ mọ́.”

Ewì Ọmọ Tuntun náà dùn, adùn yẹn gan-an ló ń dun Alámì. Ta ló kọ́ ọmọ àná yìí ní ọ̀rọ̀ tí àwọn arúgbó pàápàá ti gbàgbé?

Ọ̀gá, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bi í pé, “Alámì, kí ni wọ́n ń pè ní ìgànná?”

“Ògiri lásán ni, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ ògiri. Àbí kí ọmọdé lọ jí arúgbó lójú oorun kó tó lè kàwé?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá dùn mọ́, tiyín la ó lò.”

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹnì kan á máa kà sókè, ẹnì kejì á máa fi pẹ́ńsùlù tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Alámì ló kà á, Ọmọ Tuntun ló mú pẹ́ńsùlù.

“Ògiri ga, ògiri gùn, ó ká bàbá mọ́…”

Etí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ògiri ń dí; ta ló fẹ́ ká mọ́? Ìgànná ló ń yí gbogbo agbo ilé po. Tí akéwì bá ti dárúkọ rẹ̀, tẹbí tará ti wà nínú, ayé ti wà lóde.

“Ewì yìí ti kú,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ mú tiyín wá.”

Ọmọ Tuntun tẹrí ba. “Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá. Ẹnu ìyá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé ògiri lásán ni.”

Ọpẹ́ yẹn gún Alámì ju èébú lọ. Ó ti fa ewì tirẹ̀ yọ tán, ó dá a padà sápò.

“Mà, irọ́ ni mo pa. Ògiri kọ́ ni ìgànná. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.”

“Háà, bọ̀ọ̀dá! Ẹ mà fẹ́ràn mi o!”

“Ta ló fẹ́ràn ẹ? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn. Ìwọ ṣì ń bí mi nínú. Mú pẹ́ńsùlù wá níbẹ̀, kí n dá ìgànná padà sáyè rẹ̀.”