Lẹ́ẹ̀dì Lọ́ńdọ̀nù àti Rédíò Ìyá Wa

Ẹ jẹ́ kí a yin àwa tí ohun tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà Ìkẹ́rẹ́ kò tó fún, nítorí ọlá wa ga. Ọjọ́ tí ọlá yìí ba rédíò Ìyá wa jẹ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Wáyà bátìrì rédíò náà já, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa kéde ìsìnkú àbúrò Ìyá wa lọ́sàn-án, ó sì fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ orúkọ àbúrò rẹ̀. Mo mú lẹ́ẹ̀dì, òjé tín-ín-rín tí mo máa ń yọ́ láti fi jó wáyà pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù já a gbà.

“Májèlé rèé! Gba tèmi, kò ní òjé nínú.”

Ayọ́ọ̀nù kékeré tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kò gbóná tó láti yọ́ tirẹ̀. Ó dì gbagidi bí ẹ̀bà àná.

“Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, dókítà rédíò!” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo tẹ̀ ẹ́ títí bàbà ara pátákó inú rédíò fi bó dànù, tí wáyà kò ríbi dúró sí mọ́.

Ìyá wa wò wá. “Ẹ kú uṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Májèlé yẹn ló ń mú rédíò mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.” Ó sáré lọ sílé aládùúgbò, ṣùgbọ́n ìkéde ti parí kó tó débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo dá lẹ́bi títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ kí a tó fi ayọ́ọ̀nù kan wáyà rárá, èmi náà ti ya fọ́tò lẹ́ẹ̀dì Lọ́ńdọ̀nù náà, mo sì ti gbé e sórí Wọ́sáàpù.