Mọ́gàjí Orí Fóònù

Ọjọ́ tí wọ́n wé láwàní fún ọkọ mi, bàtà sójà ló wọ̀ sábẹ́ agbádá. Bàtà funfun tí àwọn ẹbí rà sílẹ̀ há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí àyè láti lọ pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi nìkan ni mo rí i nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè láti wọ mọ́tò lọ sí ààfin Ẹ́míà. Ó rí i pé mò ń wò ó. Ó ní, "Mójú kúrò níbẹ̀, agbádá á bò ó." Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ ló jẹ Mọ́gàjí abúlé wọn tẹ́lẹ̀, abúlé àgbẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Ìlọrin. Mọ́gàjí ni ojú Ẹ́míà níbẹ̀. Òun ló ń parí ìjà, òun ló ń pín ilẹ̀, òun ló sì ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn lọ kí Ẹ́míà lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí bàbá náà kú, ẹbí jókòó, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, ọkọ mi ni wọ́n mú. Ó sọ fún wọn pé sójà lòun, pé òkè Ọya níbi tí ogun wà ni wọ́n rán òun lọ, àti pé ọdún tí òun máa lò lẹ́nu iṣẹ́ ò tíì pé. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló dá a lóhùn. Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ti funfun báláú. Ó ní, "Ta ló ní kó o fiṣẹ́ sílẹ̀? Àwa la ó máa jókòó. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí àga lórúkọ."

Òórùn tùràrí ò tíì kúrò lára láwàní náà tó fi tú u, tó ká a sínú láílọ́ọ̀nù, tó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀, tó sì wọ mọ́tò padà síbi iṣẹ́.

Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí n máa lọ sábúlé ní gbogbo Sátidé, kí n pè é, kí n gbé fóònù sáàárín àwọn àgbà kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Fóònù tèmi ló ń sọ̀rọ̀ sókè. Ti Bàbá Kékeré, ẹni tó ni ín gan-an kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí Ọ̀fà Garage, Sátidé sì ni àwọn oníbàárà máa ń ya wá. Ojú wọn ni mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn, tí mò ń gun ọ̀kadà lọ.

Nẹ́tíwọọ̀kì ò wọ ilé Mọ́gàjí. Ìdí igi emi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ló ti máa ń dáa, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé ẹní àti bẹ́ǹṣì lọ. Bàbá Kékeré tó na ọkọ mi lẹ́gba dàgbà, bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á ṣí fìlà. "Ráńkádédé, Mọ́gàjí. Ẹ kú ojú ogun." Àwọn tó kù náà á tẹríba síwájú fóònù. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń rojọ́ lọ́wọ́, a gbọ́ tí ẹnìkan jágbe mọ́ ọn lọ́hùn-ún, a sì gbọ́ tí òun náà dáhùn pé, "Yẹs, sà!" Àwọn àgbà wo ara wọn lójú.

"Ta ni Mọ́gàjí ń pè ní sà?" Bàbá Kékeré bi mí.

Mo ní, "Ọ̀gá wọn ni, Bàbá." Mi ò sọ fún un pé ọmọdé ni ọ̀gá náà, pé àbúrò ọkọ mi pátápátá ni yóò jẹ́ ká ní abúlé wa ni wọ́n bí i sí.

Bí mo ṣe wà nìyẹn. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Bí kò bá dún, kò sí oúnjẹ tó ń wọnú mi. Mo lè wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kí n dìde bíi pé ẹnìkan pè mí, kí n jáde sójú títì, kí n tún padà wọlé. Ìyá mi tó ń tajà ní Ọjà Tuntun sọ fún mi pé ọkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kí ló dé tí mo ń ṣe bí ìyàwó ọkùnrin méjì.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, màlúù wọ oko àgbàdo ọ̀dọ́kùnrin kan lábúlé, ó sì jẹ ẹ́ débi tó dé. Àwọn ọ̀dọ́ gé ẹ̀gún, wọ́n fi dí ọ̀nà tí àwọn Fúlàní ń da màlúù gbà lọ sódò. Láti ayé bàbá-bàbá ọkọ mi ni gáà náà, ibùdó àwọn Fúlàní, ti wà níbẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, àgbà gáà fúnra rẹ̀ wá sídìí igi emi, ó jókòó sórí ẹní, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Mo pe ọkọ mi. Bàbá Kékeré ro ẹjọ́ fún un.

"Ẹ ṣí ọ̀nà," ni ọkọ mi wí. "Màlúù ò lè ṣàìmumi. Ká tó wá sọ ti oko tó bàjẹ́."

Olóko fò dìde. "Kó wá sọ ọ́ níbí! Oko ni wọ́n jẹ, wọn ò jẹ fóònù!"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hó yèè. Ọkọ mi ní kí wọ́n gbé fóònù fún àgbà gáà. Mo gbé e fún un. Ni ọkọ mi bá bẹ̀rẹ̀ Hausa. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, ohùn rẹ̀ le, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àgbà gáà dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù já.

"Kí ló ń bá wọn sọ tí a ò gbọdọ̀ gbọ́?" Èmi ni wọ́n dojú ọ̀rọ̀ kọ, bíi pé abẹ́ ìró mi ni mo kó Hausa náà pamọ́ sí.

Bàbá Kékeré bi àgbà gáà pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Ó ní èèyàn mélòó ló wà ní gáà mi. Ó ní ta ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí, níbo ló ti wá. Ọmọ tí ìyàwó mi ń bu wàrà fún kó tó lọ ilé kéwú ló ń bi mí bẹ́ẹ̀." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Mo pè, mo pè, kò wọlé. Kò wọlé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé bí àwọn sójà bá ti wọ igbó, wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn ò ní kéèyàn sùn. Ẹ̀gún ṣì wà lójú ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni wọ́n ń bi mí pé, "Kí ni Mọ́gàjí wí?" Kò wí nǹkan kan.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá Bàbá Kékeré, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí gáà."  Ó wọ bàtà.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó àgbà gáà ni mo gbà lọ. Mo sọ fún un pé ibi tí ọkọ mi wà ló sọ̀rọ̀ yẹn, pé bí wọ́n ṣe ń bi àwọn tí wọ́n bá fura sí ní ìbéèrè lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó ní, "Àwa kì í ṣe àwọn yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bu fúrá fún mi mu. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, Bàbá Kékeré ti ṣí fìlà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbàlagbà abúlé ló fi ọwọ́ ara wọn kó ẹ̀gún kúrò. Olóko káwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ẹ̀gún gún Bàbá Kékeré, olóko wá gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ gáà wá bá a tún oko náà gbìn kí òjò tó jìnnà.

Nígbà tí fóònù wọlé nígbẹ̀yìn, ohùn ọkọ mi ti há. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.  Ó ní, "Mo gbàgbé pé ilé ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n fún un láyè wálé ní Iléyá. Kò tíì yà sílé tó fi ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí gáà. Àgbà gáà bi í pé, "Ta ló wá? Ṣé Mọ́gàjí ni, àbí sójà?"

Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀." Wọ́n ní kó jókòó.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, ó pe ẹbí jọ, ó gbé láwàní kalẹ̀ síwájú wọn. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì tó lè jókòó. Bàbá Kékeré ní àwọn kì í tú láwàní lórí alààyè. Ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti kọ̀wé pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò tíì dá òun lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lójú kan. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Mi ò ní gbé fóònù mọ́. Ẹ̀yin lẹ kó ẹ̀gún kúrò, kì í ṣe fóònù. Ohun tó bá tóbi ju ẹnu yín lọ, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà tó bá wálé."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fa ìró mi kí n jókòó. Bàbá Kékeré ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá."

Ó kọjú sí ọkọ mi. "Mọ́gàjí, ẹ gbọ́ ohun tó wí." Ọkọ mi ní òun gbọ́. Kò wo ojú mi, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gba láwàní náà padà.

Ó ti padà sókè Ọya. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá Kékeré ló ń ṣojú rẹ̀ ní ààfin, ó ń gba Ọjà-Ọba kọjá nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ń dá ẹjọ́ wọn lábúlé, wọ́n ń ṣì í dá nígbà mìíràn, wọ́n sì ń tún un dá. Èmi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé. Mo rò pé ọkàn mi á wá sinmi. Sátidé tó kọjá, etí mi ṣì wà lára fóònù, mo rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan sódì. Mo tú u, mo tún un rán, sódì náà ni. Oníbàárà ní kí n má ṣèyọnu, òun á padà wá lọ́la.