Odò Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn

Ní ìlú ìyá mi, ní ẹ̀bá ọ̀sà lápá Ìjẹ̀bú, odò kékeré kan gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá kó tó wọ inú ọ̀sà. Kò sí ọmọ ilé wa tó lọ ṣẹ́gi lóko tí ìyá mi ò ní í kọ́kọ́ fa etí rẹ̀, kó wí fún un pé: "Bó o bá sọnù, má sunkún. Wá odò, kó o máa bá a lọ. Ibi tó ń lọ ni ilé wà." Mo sọnù lóòótọ́ nígbà kan. Mo wá odò, mo bá a lọ, mo sì bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé tó ń fọ ìkòkò. Kò tilẹ̀ béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. "O ti jẹun?" ló bi mí.

Odò tó wà nítòsí wa ní Barking níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, Roding lorúkọ rẹ̀. Lápá Ilford ló ti ń bọ̀. Ó gba abẹ́ afárá rélùwéè, ó gba ẹ̀yìn ilé ìtajà ńlá, ó wá yọ sí èbúté àtijọ́, níbi tí wọ́n ní àwọn apẹja ń so ọkọ̀ wọn mọ́ láyé ọjọ́un. Àwókù ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà kò jìnnà síbẹ̀, òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Láti ibẹ̀, odò á gba ẹ̀gbẹ́ River Road, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì, títí yóò fi wọ inú Thames ní Creekmouth. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Peckham, mo wo ẹrẹ̀ rẹ̀, mo wo àwọn ike tó há sínú koríko etí rẹ̀, mo ní: "Ṣé odò rèé, àbí gọ́tà?"

Ìyá mi, tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ò gbà. Odò ni odò ń jẹ́, ó ní. Aládùúrà ni, bí mo bá sì mú un dé èbúté láàárọ̀, bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́, nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù! Yóò fi ẹsẹ̀ lásán dúró, yóò na ọwọ́ sí omi: "Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi ò ní í bojú wẹ̀yìn." Èmi á ṣe àmín, ojú mi á máa wá ẹni tó ń wò wá. Àwọn tó ń fa ajá kọjá á sì máa kí wa pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Nígbà tó yá, ìgbàgbé dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò tó gbàgbé sórí iná, ó dé orí orúkọ ọmọ mi obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Mo ń fara dà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà." Mo bojú wẹ̀yìn kí n wo ẹni tó ń kí. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló ń fi "ẹ" pè mí! Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Ta ló bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wọ̀? "O" mi ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni, "ẹ" ni, bí ẹni pé èmi ni olórí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo bá ilẹ̀kùn ilé wa ní ṣíṣí. Kóòtù ìyá mi wà lára ìṣó. Bàtà rẹ̀ ò sí. Ọmọ mi ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó pariwo látinú ilé ìwẹ̀ pé, "Mọ́mì, ìyá àgbà wà ní pálọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn ní tíì ni." Mo fọwọ́ kan kọ́ọ̀bù. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Yéè, mo gbé!

Mi ò mọ bí mo ṣe dé èbúté. Kò sí níbẹ̀. Mo wo abẹ́ àwọn òkúta àwókù yẹn, mo wo ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù, kò sí ibi tí kì í wò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo wá wo inú omi, ibi tí mi ò fẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi dúdú, kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo pe ọlọ́pàá, wọ́n ní kí ni ìyá wọ̀, mo ní kò wọ kóòtù. Mo ní kí ọmọ mi jókòó sílé, bóyá ìyá àgbà á padà wá fúnra rẹ̀. Orí ìyá mi, má sùn o!

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá mi sọnù. Kí ni ẹni tó sọnù ń ṣe nílé wa? Á wá odò, á sì bá a lọ. Odò wa ń lọ sí Creekmouth. Mo fò sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà ń rọra lọ bíi pé ìgbéyàwó ló gbé. Gbogbo ibùdókọ̀ ló dúró sí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n máa tì í lẹ́yìn. Mo ń wo ojú fèrèsé, gbogbo arúgbó tí mo bá rí, màá dìde wò ó.

Ní Creekmouth, atẹ́gùn nìkan ló kí mi. Irin ńlá tí wọ́n fi ń ti odò nígbà tí omi Thames bá fẹ́ ya wọ ìlú dúró ga lókè. Mo ké, "Ìyá mi o!" Àwọn tó ń já ẹrù sílẹ̀ nínú lọ́rì yíjú wò mí. Ẹ wò mí dáadáa, mo ní sínú, wèrè ò ju báyìí lọ. Mo wo omi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má rí ìró tàbí gèlè lórí rẹ̀.

Òfìfo ike omi ni mo rí. Ó ń ti inú Thames bọ̀, ó gba abẹ́ irin yẹn wọlé, ó forí lé Barking. Mo ní atẹ́gùn ni. Pákó kan tẹ̀ lé e. Ìfófòó omi tẹ̀ lé pákó. Gbogbo odò pátá ló ń padà sẹ́yìn! Òkun ti kún, ó ń ti odò padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi yìí tí mi ò kíyè sí i? Ẹni tó bá sì bá omi yìí lọ láàárọ̀ yìí, òkè ló ń lọ.

Mo pe ọmọ mi. "Bí ọlọ́pàá bá dé, sọ fún wọn pé òkè ni kí wọ́n wá a sí, lápá Ilford. Omi ti ń gun òkè!"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Omi kì í gun òkè."

"Ó ń gùn ún lónìí! Ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe!"

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà, mo wá gba etí odò lọ sókè. Ẹ̀yìn afárá rélùwéè ni mo ti rí i, níbi tí àwọn òyìnbó kan ń gbé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó jókòó sórí àpótí onígi, bàtà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, wọ́n sì ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Òyìnbó obìnrin kan tó ń gbé inú ọkọ̀ jókòó tì í pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì. Ó ní òun ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí i pé òtútù ń mú un, òun sì ti pe ọlọ́pàá. Mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ìyá mi gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo odò yìí. Mò ń bá a lọ jẹ́jẹ́ mi ni, ló bá dúró. Ó dúró, èmi náà dúró."

Lóòótọ́, omi ti dúró. Inú bí mi, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbà mí lọ́kàn. Mo fẹ́ kígbe mọ́ ọn, mo fẹ́ gbé e pọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, Ìyá."

"Mi ò lè lọ. Ọmọ mi ló sọnù. Ọmọ kékeré ni. Mo ti sọ fún un pé kó máa bá odò lọ, ni mo ṣe ní kí n wá pàdé ẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òyìnbó yẹn fún èmi náà ní tíì. A ń wo omi. Ewé kan tó ti ń lé lẹ́bàá ọkọ̀ yí po, ó yí po, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, síhà Barking. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ wò ó, ó ti ń lọ," ó ní, ó sì dìde.

Mo pe ọlọ́pàá àti ọmọ mi pé mo ti rí i, mo wọ bàtà fún un, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì olóore wa wé e. A bá odò lọ, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára omi. Odò yìí a máa bojú wẹ̀yìn, ó kàn máa ń tún ara rẹ̀ mú ni. Nígbà tí a dé èbúté, nítòsí àwọn òkúta yẹn, ó dúró. Ó wo irun mi tó ti dàrú, ó wo ìyẹ̀fun tó wà lára aṣọ iṣẹ́ mi, ó tún wo ojú mi, ó pẹ́ níbẹ̀.

"O ti jẹun?" ló bi mí.

Mo ní, "Rárá, Ìyá mi. Mi ò tíì jẹun."