Ìyá Ọlọ́ṣẹ Gba Ojú Lọ́wọ́ Sódà

Ojú òsì Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò ríran. Sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ló gbà á, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ta sí i lójú, ó fi omi díẹ̀ ṣàn án. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, ó ní ó ti tán, ó lọ sùn. Kò mọ̀ pé bí sódà ṣe dákẹ́ yẹn, ńṣe ló ń jẹ ojú wọnú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹyinjú ti funfun bí ẹfun.

Ẹlòmíràn ì bá sá fún ọṣẹ títí ayé. Obìnrin yìí kò sá. Ó dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ní kí ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó sì ra awò tó ń bo ojú fún gbogbo ẹni tó bá ń po sódà.

"Ẹ wọ awò yín! Ojú ò ní sípéà o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bọ́ awò kó lè nu òógùn. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbi iṣẹ́ mọ́: dípò kó máa da sódà sínú omi díẹ̀díẹ̀, omi ló dà lé sódà lórí. Ó hó yaya, ó ta pàrà sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi o! Mo gbé o!"

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù!"

"A máa lọ. Omi ná!" Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti gbá orí ìyàwó mú sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ìka ya ìpéǹpéjú rẹ̀. "Má pajú dé. Wo òkè. Wo ilẹ̀."

Nígbà tó yá, ìyàwó mí kanlẹ̀. "Ó ti rọlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n dìde."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló já Ìyá Ọlọ́ṣẹ láyà. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Dúró síbẹ̀!"

Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò jáwọ́. Nígbà tí wọ́n gbéra nígbẹ̀yìn, nínú ọkọ̀ pàápàá, ó ṣì ń da omi inú ike sí ojú ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún ń ṣàn án lọ.

Dókítà yẹ ojú náà wò dáadáa. "Ó pọ́n gan-an, ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó san, ṣùgbọ́n á ríran. Màmá, omi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò nílé ló yọ ọ́."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ dúpẹ́, ó rọra jáde. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá a lọ, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti bá a, ó fara ti ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé. Àbúrò kò rí omijé rẹ̀ rí láyé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Ó máa ríran. Ṣé o gbọ́? Ó máa ríran."