Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi, tíṣà tó ń de táì, máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Òórùn ẹ̀ ní kíláàsì ọmọ mi ló rán mi létí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ogun ti ilé ẹ̀kọ́ Monrovia pa, a há sílé ní Sinkor, àdúgbò wa níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá fọwọ́ tẹ ikùn, ó ń rún ṣọ́ọ̀kì.

“Tíṣà, ṣé inú yín ti di pátákó ìkọ̀wé ni?” Màmá bi í.

“Mo ti yó. Fún àwọn ọmọ ní ìrẹsì mi.”

Màmá wo ọwọ́ tó fi tẹ ikùn. Èmi rò pé ohun aládùn ló ń dá jẹ; mo jí díẹ̀ tọ́ wò, mo tu ú dànù.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọgbẹ́ inú ló ń fi ṣọ́ọ̀kì tù, ebi sì ń dá kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé ìrẹsì síwájú ẹ̀, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Àwa ọmọ ń wò ó, kò lè gbójú sókè.