Mo Dọ̀bálẹ̀, Mi Ò Lè Dìde

Kò sẹ́ni tó gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí ohun tí wọ́n ń rò kiri Ìkẹ́rẹ́ ni pé ẹnì kan ló ṣe mí léṣe lórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwa àgbààgbà ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì mọyì ẹlẹ́rìí. Ẹ gbọ́ ti aṣọ́lé ikọ̀ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì: "Bọ́ọ̀lù lọ sọ́tùn-ún, akọ̀ròyìn yí sósì, orúnkún rẹ̀ dúró láàárín, ó ń parí ìjà fún wọn."

Ọlọ́kadà tó gbé mi kúrò níbẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé: "Mo rò pé ẹsẹ̀ ti kán ni, àfi ìgbà tí wọ́n fúnra wọn ní ká yà ra àkàrà."

Ẹsẹ̀ ò kán. Iṣan orúnkún ló nà jù. Ní ọsibítù, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bi mí léèrè ọjọ́ orí mi. Mo sọ fún un.

"Orúnkún yín mọ ọjọ́ orí yẹn, sà," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀."

Ó fún mi níṣẹ́ àṣetiléwá bí ọmọ ilé ìwé: kí n jókòó sórí àga, kí n na ẹsẹ̀ síwájú, kí n kà dé mẹ́wàá, kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá wú, kí n fi aṣọ wé píọ̀-wọ́tà dídì, kí n gbé e lé e. Mo bi í ìgbà tí mo lè padà sórí pápá, torí àwa àti àwọn àgbààgbà Emùré máa ń pàdé ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èmi sì ni balógun ikọ̀ wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Mi ò ka ọ̀sẹ̀, sà. Ọjọ́ tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ẹ dìde láìdi nǹkan kan mú, lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò dùn yín, ẹ wá bá mi. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ kan ilẹ̀ o. Àyà á kan ilẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ́lé wá kí mi. "A ti fún ọ̀gá ilé ìwé ní jẹ́sì rẹ," ó ní. "Ó bá a mu jù ọ́ lọ. Ikùn tiẹ̀ ò jáde."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju orúnkún lọ. Mo pa iṣẹ́ àṣetiléwá tì, mo ní màá dán ara mi wò. Ìsẹ̀ ni mo gbà lọ, lọ́dọ̀ bàbá ìyàwó mi, àgbẹ̀ tí kì í gba ìdọ̀bálẹ̀ àbọ̀ lọ́wọ́ àna.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún bàbá pé ẹsẹ̀ ń dùn yín," ìyàwó mi wí.

"Má sọ."

Lílọ sílẹ̀ ò le. Mo na gbalaja síwájú àga bàbá, àyà mi kan ilẹ̀.

"O káre. Dìde."

Mo gbìyànjú, orúnkún kọ̀. Mo tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Mo wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ronú.

"Mo ní kí o dìde nílẹ̀." Ohùn bàbá ti yí padà. Lọ́dọ̀ wa, àna tó bá pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lo fi ọmọ mi ṣe?"

"Kò sí o, bàbá. Orúnkún ni."

"Ta ló ń jẹ́ Orúnkún?"

Ìyá ìyàwó mi ti yọ láti yàrá. Ó wò mí, ó mi orí. "Ẹ dárí jì í. Ẹni tó fi àyà lélẹ̀ tó báyìí, ó ti jẹ́wọ́."

"Mo dárí jì ọ́," bàbá wí. "Ó yá, sọ ohun tí mo dárí ẹ̀ jì ọ́."

Ìyàwó mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí mi, ó rí àwọn òbí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹkún ni bàbá pè é.

"Ṣé o rí i?" bàbá wí fún ìyá.

Orí àga ni mo ti wo ìdíje Emùré, píọ̀-wọ́tà dídì lórí orúnkún. Ọ̀gá ilé ìwé gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Láti ọjọ́ kejì ìdíje náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo rìn, mo sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́, kó tó di pé mo tún gbìyànjú àtiyí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, mo padà sí Ìsẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé fún bàbá. Ó jókòó bí adájọ́, ó ń kà á. "Ọ̀kan." Mo dìde. "Èjì." Mo dìde. Ní ẹ̀kẹta, mo dìde, mo gbọn eruku ọwọ́ mi nù.

"O káre," ó ní. "Lọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọjọ́sí, o ò tíì lò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ọ̀dọ́mọbìnrin ọsibítù náà yẹ̀ mí wò, ó ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré bẹ̀rẹ̀. Lórí pápá ní Sátidé, nígbà tí ìṣẹ́jú náà pé, ọ̀mì la wà, bọ́ọ̀lù sì ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo rìn jáde.

"Akọ̀ròyìn, kí ló dé?" aṣọ́lé pariwo láti ojú ilé.

"Ìdáríjì kan ṣoṣo ni mo ní nílé àna mi," mo dá a lóhùn. "Mi ò ní lò ó lórí orúnkún."