Ìwé Owó Orí Tí Wọ́n Ní Bàbá Mi Ti Kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà mi ṣì ń já.

Mo lọ sí ọ́fíìsì owó orí ní Ìkàrẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo ní màá pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi tí wọ́n tì pa.

Obìnrin ibẹ̀ ní, "Ẹ ti pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n. Orí fóònù Bàbá la fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ọjọ́ àtilọ sí kóòtù ti kọjá."

"A ti sin Bàbá kí ìwé yín tó dé! Ta ló máa rí i?"

Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. "Ẹ wò ó. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti kà á."

Èmi fúnra mi ni mo ki fóònù yẹn bọ àpò agbádá tí a fi sin Bàbá ní Ọ̀kà.

Ta ló wá kà á? Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Bàbá ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Èmi nìkan ló wà nílé.